Ẹ Jọ Lọ, Ẹ Jọ Bọ̀: Ìrìn-àjò Òfurufú sí Òkè Òkun Pẹ̀lú Ọ̀rẹ́

Orí yìí wà fún ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mẹ́ta, mẹ́rin tàbí márùn-ún tí ẹ fẹ́ jọ wọ bàálù láti Èkó lọ sí London, ká ní fún ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ yín kan, tí ẹ sì fẹ́ jọ padà wálé. Ẹni tó bá ń dá lọ ní wàhálà tirẹ̀, àmọ́ wàhálà ẹnì kan ni. Bí ẹ bá di márùn-ún, páàsípọ́ọ̀tì márùn-ún ló lè ní àléébù, báàgì mẹ́wàá ló lè ṣìnà, ẹnu márùn-ún ló sì máa dáhùn ìbéèrè kan náà níwájú òṣìṣẹ́ ìwọlé-wọ̀de. Ọ̀rẹ́ tún máa ń tijú ara wọn. Kò sẹ́ni tó fẹ́ sọ fún Bọ́lá pé báàgì rẹ̀ ti wúwo jù, títí ọ̀rọ̀ á fi di ti iwájú káńtà.

Ohun tí màá máa tẹnu mọ́ kò ju èyí lọ: ẹ jọ rìn, ṣùgbọ́n kí ìwé oníkálukú, ẹrù rẹ̀ àti owó rẹ̀ dá dúró. London ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ. Níbi tí òfin Amẹ́ríkà tàbí ti Yúróòpù bá ti yàtọ̀, màá sọ ọ́.

Ohun tí ẹ máa kó jọ

Ti oníkálukú:

- Páàsípọ́ọ̀tì tó ṣì máa ṣiṣẹ́ fún oṣù mẹ́fà ó kéré tán lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ máa padà, tó sì ní ojú-ewé méjì tó ṣófo. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ò béèrè ju kó máa ṣiṣẹ́ títí ẹ ó fi kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló ń béèrè oṣù mẹ́fà, òṣìṣẹ́ káńtà ní pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà kì í sì í dúró bá èèyàn jiyàn.
- Físà. Ẹ wo ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tó parí nìkan. Tó bá jẹ́ ti orí íntánẹ́ẹ̀tì, páàsípọ́ọ̀tì tó wà nínú àkáǹtì yín gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó wà lọ́wọ́ yín. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba páàsípọ́ọ̀tì tuntun ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù.
- Yẹ́lò káàdì. Ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú ló tó ń ṣiṣẹ́, nítorí náà ẹ má dúró di ọ̀sẹ̀ ìrìn-àjò. Láti oṣù Keje ọdún 2016, ẹni tó bá ti gbà á lẹ́ẹ̀kan ti gbà á fún ọjọ́ ayé rẹ̀ nìyẹn, kódà bí wọ́n bá kọ ọdún mẹ́wàá sára káàdì àtijọ́.
- Oògùn yín nínú páálí tó bá a wá, pẹ̀lú ìwé dókítà.
- Káàdì báńkì tí báńkì fúnra wọn ti fi dá yín lójú pé ó ń ṣiṣẹ́ lókè òkun, àti owó pọ́n-ùn díẹ̀ lọ́wọ́ fún ọjọ́ àkọ́kọ́.
- Àpò kékeré tí ẹ lè fi kọ́ àyà sábẹ́ aṣọ. Inú rẹ̀ ni páàsípọ́ọ̀tì ń gbé. Kì í gbé inú báàgì ọ̀rẹ́.
- Ìwé pélébé kan tí ẹ fọwọ́ kọ àdírẹ́sì ibi tí ẹ máa sùn sí, pẹ̀lú nọ́ńbà ẹni tó gbà yín lálejò. Fóònù máa ń kú.

Ti gbogbo yín pọ̀: òṣùwọ̀n ẹrù kékeré tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbé sókè, ẹyọ kan tó, pawa báǹkì, bírò méjì. Kò sí ìdí láti ra nǹkan tí wọ́n fi ń ṣàtúnṣe ojú iná fún London, nítorí pílọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tiwa ni tiwọn. Amẹ́ríkà ló yàtọ̀, iná tibẹ̀ ò sì lágbára tó tiwa.

Ẹ tún wá àkísà ankara, kí oníkálukú so àwọ̀ tirẹ̀ mọ́ ọwọ́ báàgì rẹ̀. Kó má jẹ́ aṣọ ẹbí kan náà ni gbogbo yín máa gé so, bí mo ṣe ti rí i táwọn kan ṣe. Báàgì dúdú mẹ́wàá tó so àkísà kan náà kò yàtọ̀ sí báàgì tí kò so nǹkan kan.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ẹ jókòó sọ̀rọ̀ kí ẹ tó ná kọ́bọ̀

Ẹ má ṣe é lórí fóònù. Ẹ pàdé, ẹ jẹun, kí ẹ wá dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí, kí ẹnì kan sì kọ ìdáhùn sórí WhatsApp ẹgbẹ́ yín níbi tí gbogbo ojú á ti rí i. Ìgbésẹ̀ yìí làwọn èèyàn máa ń fò jù, fífò ó náà ló sì ń ba ọ̀rẹ́ jẹ́ jù.

Tí wọn ò bá fún ẹnì kan ní físà, ṣé àwọn tó kù ń lọ? Tèmi ni pé kí wọ́n lọ. Ìwé oníkálukú ni wọ́n ń yẹ̀ wò. Wọ́n lè fún ẹni tó ń gba owó oṣù ìjọba, kí wọ́n sì sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń tajà ní Balógun, tó lówó jù ú lọ, pé bí owó ṣe ń wọlé tó ń jáde nínú àkáǹtì rẹ̀ kò yé àwọn. Kò túmọ̀ sí pé èèyàn burúkú ni. Ṣùgbọ́n tí ẹ kò bá ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, inú á bí ẹni tí wọ́n fi sílẹ̀, ojú á sì máa ti àwọn tó ń lọ.

Tí wọ́n bá dá ẹnì kan dúró ní ìbodè, ta ló máa dúró dè é, fún wákàtí mélòó? Ẹ dárúkọ ẹni náà. Kó jẹ́ ẹnì kan, kí àwọn tó kù máa lọ sínú ilé. Èèyàn mẹ́rin tó jókòó sórí àpótí nínú gbọ̀ngàn àwọn tó ń bọ̀, tí ebi ń pa wọ́n, tí wọ́n ń bínú síra wọn, kò ṣe ẹni tó wà nínú lọ́hùn-ún láǹfààní kankan.

Owó ńkọ́? Ẹ má jẹ́ kí ẹnì kan san ti ilé, ti ọkọ̀ àti ti tíkẹ́ẹ̀tì fún gbogbo yín lórí “màá fún ẹ tí a bá dé.” Tó bá di dandan, ẹ fẹnu kò pé owó tí wọ́n fi san án ni wọ́n máa fi dá a padà: tó bá jẹ́ pọ́n-ùn, pọ́n-ùn ni. Náírà lè já wálẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹni tó ṣe yín lóore wá di ẹni tó jẹ gbèsè.

Ọjọ́ ìpadà ńkọ́? Ẹni tó bá fẹ́ dúró sí i lẹ́yìn ìgbéyàwó kò gbọ́dọ̀ fa àwọn tó kù. Ẹni tó bá fẹ́ tètè padà nítorí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dúró nítorí ìtìjú.

Ìgbésẹ̀ kejì: tíkẹ́ẹ̀tì

Físà kọ́kọ́, tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn. Ejẹ́ńtì tó bá ń sọ fún yín pé “owó máa gun òkè lọ́la” kò ní dá owó yín padà lọ́la tí físà kò bá jáde.

Ṣé kí ẹ jọ rà á lábẹ́ nọ́ńbà kan, àbí kí oníkálukú ra tirẹ̀? Tó bá jẹ́ tọkọtaya, tàbí ìyá àgbà pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, ẹ jọ rà á pọ̀: tí wọ́n bá fagi lé bàálù, ibì kan náà ni wọ́n máa gbé wọn sí. Fún ọ̀rẹ́, mo fara mọ́ kí oníkálukú ra tirẹ̀ nínú bàálù kan náà. Ẹni tó bá fẹ́ yí ọjọ́ padà á lè ṣe é láìjẹ́ pé wọ́n ń kọ́kọ́ yọ ọ́ kúrò lára ìwé gbogbo yín. Ó sì lè dín owó kù. Ìpele-ìpele ni wọ́n ń ta àyè inú bàálù. Tó bá ku méjì péré nínú èyí tó rọjú, tí ẹ wá béèrè márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀rọ á gbé gbogbo yín sí ìpele tó wọ́n. Ẹ wo iye ẹnì kan, ẹ wo iye ẹni márùn-ún, kí ẹ fi wéra kí ẹ tó sanwó. Tí ẹ bá ti rà á tán, ẹ pe ilé-iṣẹ́ bàálù, kí ẹ sì ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ jọ ń lọ ni.

Ibi tí ẹ ti lè ṣìṣe pọ̀ díẹ̀.

Orúkọ orí tíkẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ bá ti páàsípọ́ọ̀tì mu, lẹ́tà sí lẹ́tà. Orúkọ tí ẹ ń pe ọ̀rẹ́ yín láti ilé-ìwé lè máà sí níbẹ̀ rárá. Kí oníkálukú fi àwòrán ojú-ewé páàsípọ́ọ̀tì rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tó ń rà á, kó má pè é lórí fóònù.

Ọ̀pọ̀ bàálù tó ń kúrò ní Èkó ló máa ń gbéra ní ọ̀gànjọ́ òru. Tí wọ́n bá kọ aago 12:15 òru ọjọ́ kẹwàá, alẹ́ ọjọ́ kẹsàn-án lẹ gbọ́dọ̀ wà ní Ìkẹjà. Ẹni tó bá dé ní alẹ́ ọjọ́ kẹwàá ti pẹ́ odindi ọjọ́ kan. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ máa jáde nílé sórí WhatsApp, kì í ṣe ọjọ́ tí bàálù máa gbéra.

Tí ẹ bá ra àlọ-àbọ̀, tí ẹnì kan kò sì wọ bàálù àlọ, wọ́n lè fagi lé àbọ̀ rẹ̀ láìsọ fún un. Ọ̀rẹ́ tó bá sọ pé òun máa gba Accra lọ, òun á sì bá yín padà pẹ̀lú àbọ̀ òun, kó kọ́kọ́ béèrè.

Èyí tó le jù ni ibi tí ẹ máa yà sí. Tíkẹ́ẹ̀tì tó bá gba Yúróòpù kọjá lè rọjú, ṣùgbọ́n ọmọ Nàìjíríà wà lára àwọn tí àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó jọ wà nínú àdéhùn Schengen máa ń béèrè físà ìkọjá lọ́wọ́ wọn, kódà bí wọn ò bá jáde kúrò nínú pápákọ̀. Ẹni tó ní físà Amẹ́ríkà tàbí ti Kánádà tó ṣì ń ṣiṣẹ́ lè bọ́ nínú rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí kò ní lè máà bọ́. Páàsípọ́ọ̀tì kan náà, bàálù kan náà, kí ọ̀kan wọlé kí èkejì padà sílé. Kí oníkálukú béèrè tirẹ̀. Amẹ́ríkà ní tiwọn, kò sí bí ẹ ṣe lè gba ibẹ̀ kọjá láìní físà wọn. Tí ó bá wà ní agbára yín, ẹ wọ èyí tó ń lọ tààrà: Èkó sí London kò ju wákàtí mẹ́fà àtààbọ̀ tàbí bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹrù

Ẹ wo iye báàgì àti iye kílò tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì ẹnì kọ̀ọ̀kan, nítorí ẹ̀yin tí ẹ jọ wà nínú bàálù kan lè ní ẹ̀tọ́ tó yàtọ̀ síra. Kílò 23 fún báàgì kan ló wọ́pọ̀. Báàgì tó bá ti ju kílò 32 lọ, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ bàálù kì í gbà á rárá, bí ẹ tilẹ̀ fẹ́ sanwó. Ẹ wọ̀n ọ́n nílé.

Aṣọ ìgbéyàwó, gèlè àti bàtà ọjọ́ náà, inú báàgì tó ń bá yín wọ inú bàálù ni kí wọ́n wà. Báàgì tó wọ ikùn bàálù lè dé lọ́jọ́ kẹta, ìyàwó kò sì ní dúró.

Oúnjẹ: ẹ má gbé ẹran lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti Nàìjíríà, yálà tútù, gbígbẹ tàbí sísun. Pọ̀nmọ́ ńkọ́? Ara ẹran ni. Wàrà àti ohun tí wọ́n fi mílíìkì ṣe náà kò gbọ́dọ̀ bá yín lọ. Gàrí, èlùbọ́ àti ẹja gbígbẹ kì í sábà fa ìjà, àmọ́ ẹ dì í dáadáa, nítorí òórùn ẹja nínú báàgì yín á dé ara aṣọ ọ̀rẹ́ yín. Tó bá jẹ́ Amẹ́ríkà lẹ ń lọ, gbogbo oúnjẹ lẹ gbọ́dọ̀ sọ fún aṣọ́bodè, títí kan èyí tí òfin gbà. Wọ́n lè gba ohun tí ẹ sọ lọ́wọ́ yín, kí ẹ máa lọ ní àlàáfíà. Owó ìtanràn wà fún èyí tí ẹ fi pa mọ́.

Nǹkan olómi tó máa bá yín wọ inú bàálù, títí kan epo ara àti atasánsán, kí ìgò rẹ̀ má ju 100 ml lọ. Ìgò ńlá tó ku díẹ̀ nínú rẹ̀, ìgò ńlá náà ni. Ata dídín tí màmá yín fi sínú ike ìpara, inú báàgì ńlá ni àyè rẹ̀.

Pawa báǹkì kò gbọ́dọ̀ wọ ikùn bàálù láéláé. Bátìrì rẹ̀ lè gbaná, kò sì sẹ́ni tó máa tètè rí iná tó bá bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ níbẹ̀. Ọwọ́ ni kó wà, kó má sì ju 100 Wh lọ, ìyẹn nǹkan bíi 27,000 mAh. Àwọn ilé-iṣẹ́ bàálù kan ti fòfin de lílò rẹ̀ nínú bàálù pàápàá, nítorí náà ẹ jẹ́ kí fóònù yín kún nílé.

Ìkìlọ̀ tó tẹ̀ lé e yìí, ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì. Tí ẹ bá dé iwájú káńtà lẹ́ẹ̀kan náà, òṣìṣẹ́ lè fẹ́ so gbogbo ẹrù yín mọ́ orúkọ ẹnì kan kó lè yá. Ẹ kọ̀. Ìwé pélébé tí wọ́n ń so mọ́ báàgì, tí à ń pè ní táàgì, ni ẹ̀rí ẹni tó ni ín. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, wọ́n mú ọ̀dọ́bìnrin kan, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì láti Kano, ní Saudi Arabia, nítorí báàgì kan tí tramadol wà nínú rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ló wà lára táàgì. Báàgì náà kì í ṣe tirẹ̀: ní pápákọ̀ òfurufú Kano ni wọ́n ti so ó mọ́ orúkọ rẹ̀ láìjẹ́ kó mọ̀. Oṣù Kẹrin ọdún 2019 ni wọ́n tó tú u sílẹ̀, lẹ́yìn tí ìjọba Nàìjíríà dá sí i. Ẹni tí kò gbé ẹrù ẹlòmíì rárá ni èyí ṣẹlẹ̀ sí.

Nítorí náà, oníkálukú kó ẹrù rẹ̀ fúnra rẹ̀, kó tì í pa, kó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ títí wọ́n á fi so táàgì, kó sì ka iye táàgì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìwé rẹ̀. Báàgì méjì, táàgì méjì. Tó bá di mẹ́ta, ẹ má kúrò níbẹ̀. Ẹ ya fọ́tò báàgì yín pẹ̀lú táàgì lára rẹ̀. Tí àyè bá ṣẹ́ kù nínú ẹrù ọ̀rẹ́ yín, tí ẹ sì fẹ́ kí ó bá yín gbé nǹkan, ẹ tú nǹkan náà sílẹ̀ lójú rẹ̀, kó fọwọ́ ara rẹ̀ kó o sínú. Inú kò gbọ́dọ̀ bí ẹnikẹ́ni.

Nípa owó: tí iye tí ẹ̀yin tí ẹ jọ ń rìn gbé lápapọ̀ bá tó £10,000, ẹ sọ fún aṣọ́bodè Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn kan rò pé tí àwọn bá ti pín in, tí ti ẹnì kọ̀ọ̀kan kò tó bẹ́ẹ̀, ó tán. Bẹ́ẹ̀ kọ́, àpapọ̀ ni wọ́n ń wò. Láti Nàìjíríà jáde, ẹni tó bá gbé ju $10,000 lọ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ bákan náà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ọjọ́ ìrìn

Ẹ béèrè ibi tí bàálù yín ti ń gbéra gan-an ní pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed. MM2 kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń lọ sí òkè òkun, ìrìn abẹ́lé ni tibẹ̀. Ẹni tí kò bá wọ bàálù rí á sọ fún onítakisí pé “MM2,” á sì máa pè yín lórí fóònù pé òun ò rí yín.

Ẹ wà níbẹ̀ ní wákàtí mẹ́rin ṣáájú. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó kò mọ tíkẹ́ẹ̀tì, káńtà sì sábà máa ń tì ní wákàtí kan kí bàálù tó gbéra. Kí ẹni tó ń ti Ìkòròdú tàbí Ajah bọ̀ má jẹ́ kí ẹni tó ń gbé Ìkẹjà fi àkókò tirẹ̀ díwọ̀n fún un.

Òfin tó le lèyí, ẹ fọwọ́ sí i ṣáájú: ẹni tó bá ti dé, kó wọlé. Kó má dúró níta de ẹni tó pẹ́. Dídúró yín kò lè ṣí káńtà tí wọ́n ti tì; ohun tó lè ṣe ni kí ẹni méjì pàdánù bàálù dípò ẹnì kan. Ẹni tó pẹ́ á bá ilé-iṣẹ́ bàálù sọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀ kí wọ́n tó fagi lé àbọ̀ rẹ̀, á sì bá yín lọ́hùn-ún.

Lẹ́yìn káńtà, ẹ kọjá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìdágbére pẹ̀lú àwọn tó sìn yín wá, kó parí kí ẹ tó tò. Tí òṣìṣẹ́ kan bá ń dọ́gbọ́n tọrọ nǹkan, ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ dáhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ẹ máa lọ. Kí alágídí ẹgbẹ́ yín má rí ibẹ̀ bí ibi tó yẹ kó ti fi hàn pé òun mọ òfin.

Nínú bàálù, ohun tó kù kò pọ̀. Ẹ mu omi, ẹ dìde rìn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí ẹ̀jẹ̀ má dì sí ẹsẹ̀, pàápàá tó bá jẹ́ Amẹ́ríkà tó lé ní wákàtí mẹ́wàá. Ẹ má fi páàsípọ́ọ̀tì sínú àpò ẹ̀yìn àga. Tí wọn ò bá fún yín ní àyè tó sún mọ́ra, ẹ sùn. Ẹ ó ríra nísàlẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ní ìbodè

Ọ̀rẹ́ yín tó bá ní páàsípọ́ọ̀tì Gẹ̀ẹ́sì máa gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀rọ, ẹ̀yin máa tò síbi tí èèyàn wà. Kó má dúró tì yín nínú ìlà. Oníkálukú ló ń lọ bá òṣìṣẹ́. Ẹ kì í ṣe ìdílé kan, ẹ má jọ lọ.

Ìbéèrè wọn kì í ju wọ̀nyí lọ: kí lẹ wá ṣe, ilé ta lẹ máa sùn, ta ló sanwó, ọjọ́ wo lẹ ń padà, iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe nílé. Ẹ dáhùn ohun tí wọ́n bi yín, kúkúrú, ní òtítọ́. Ẹ má kọ́ ìdáhùn sórí. Ohun tó ń kó ọ̀rẹ́ sí wàhálà ni kí ẹnì kan sọ pé ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹnì kejì sọ pé oṣù kan, nígbà tó jẹ́ ilé kan náà ni wọ́n ń lọ. Tí ọjọ́ yín bá yàtọ̀ síra, ó dára, kí ẹ kàn mọ̀ pé ó yàtọ̀. Ẹ má dáhùn fún ọ̀rẹ́ yín, ẹ má yọ fóònù síta, ẹ má sì ṣe yẹ̀yẹ́. Àwàdà wa kì í wọ etí wọn.

Tí wọ́n bá mú ẹnì kan jókòó sí ẹ̀gbẹ́, ẹ má padà lọ bá a. Ẹni tí ẹ ti yàn nílé lọ́hùn-ún á dúró ní gbọ̀ngàn àwọn tó ń bọ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà ẹni tó gbà yín lálejò. Báàgì rẹ̀ ńkọ́? Ẹ fi í sílẹ̀, kí ẹ sọ fún òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ bàálù pé ẹni tó ni ín ṣì wà nínú. Ó le láti ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọ̀rẹ́, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé báàgì kọjá aṣọ́bodè ló ni ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ọjọ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ kúrò: àlejò kì í sábà lo ju oṣù mẹ́fà lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́ẹ̀kan, bí físà rẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ ti ọdún méjì. Ní Amẹ́ríkà, ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ ìbodè kọ fún yín ni ẹ ó tẹ̀ lé, kì í ṣe ọjọ́ tó wà lára físà.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: bíbọ̀

Bíbọ̀ ló máa ń le ju lílọ. Owó ti tán, ó ti rẹ gbogbo yín, ẹrù sì ti di ìlọ́po méjì.

Àwọn ará wa ní Peckham ní London máa gbé nǹkan wá: “Ẹ bá mi fún màmá.” Ẹ gbà á tí ẹ bá fẹ́, àmọ́ ẹ tú u lójú ẹni tó gbé e wá, títí kan ike fítámì àti páálí bàtà. Ẹni tó bá bínú, ẹ dá tirẹ̀ padà. Ẹ wọn ẹrù ní ọjọ́ méjì ṣáájú, kí ẹni tó ní púpọ̀ jù lè fi ránṣẹ́ pẹ̀lú àwọn tó ń kó ẹrù gba orí omi wá sí Èkó. Kò sí ìdí láti tọ́jú ìwé ìsanwó ọjà torí owó orí: láti ọjọ́ 1 oṣù Kínní ọdún 2021, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò dá owó orí ọjà padà fún àlejò ní pápákọ̀ mọ́. Ní orílẹ̀-èdè Yúróòpù ó ṣì wà, kí ẹ sì fi wákàtí kan kún àkókò yín nítorí rẹ̀. Ní Èkó, tí aṣọ́bodè bá rí fóònù mẹ́fà tó jọra nínú báàgì kan, ọjà títà ló máa pè é.

Ẹ fi ọjọ́ kan sílẹ̀ láàárín àríyá tó kẹ́yìn àti bàálù. Ẹni tó jó títí di aago mẹ́ta òru kò lè dé Heathrow ní aago méje.

Tí bàálù bá pẹ́, ẹ má jìjàdù pariwo. Ẹ tọ́jú ìwé ìwọkọ̀ yín, ẹ ya fọ́tò pátákó, ẹ béèrè ìdí, kí ẹ sì gba oúnjẹ tí wọ́n gbọ́dọ̀ fún yín. Òfin Gẹ̀ẹ́sì sọ pé bàálù tó gbéra láti ilẹ̀ wọn, tó sì gbé yín dé ibi tí ẹ ń lọ lẹ́yìn tó ti pẹ́ ju wákàtí mẹ́rin lọ, £520 ni fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tí ìrìn náà bá ju 3,500 kìlómítà lọ, tí ìdí rẹ̀ bá sì wà níkàáwọ́ ilé-iṣẹ́ náà. London sí Èkó ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ìjì àti yìnyín kò sí nínú rẹ̀. Oníkálukú ló ń béèrè tirẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ yára fọwọ́ sí ìwé tó sọ pé òun gba tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀dínwó dípò owó.

Ní Ìkẹjà, ẹ dúró sójú kan títí báàgì ẹni ìkẹyìn á fi jáde. Ẹ fi táàgì wé táàgì kí ẹ tó gbé. Àwọ̀ àkísà nìkan kò tó. Ẹni tí báàgì rẹ̀ kò bá jáde, tàbí tó fọ́, kó lọ sí káńtà ilé-iṣẹ́ bàálù kó tó jáde kúrò nínú gbọ̀ngàn náà, kó kọ ẹ̀sùn, kó gba nọ́ńbà ẹ̀sùn náà, kó ya fọ́tò rẹ̀. “Màá padà wá lọ́la” kì í ṣiṣẹ́, nítorí wọn kì í jẹ́ kí ẹni tó ti jáde padà wọlé bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá ń fi yín ṣeré, òṣìṣẹ́ NCAA, àjọ ìjọba Nàìjíríà tó ń bójú tó ìrìn-àjò òfurufú, tó ń gbọ́ ẹjọ́ èrò wà ní pápákọ̀; ẹ béèrè wọn.

Ẹ ṣe ìṣirò owó láàárín ara yín kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Fún ẹrù, ẹ má gbàgbé ọjọ́ tí àdéhùn àgbáyé Montreal lórí ìrìn-àjò òfurufú fún yín láti fi ìwé ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ bàálù: ọjọ́ méje fún báàgì tó bàjẹ́, ọjọ́ mọ́kànlélógún fún èyí tó pẹ́ kó tó dé, kíkà rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí báàgì bá tẹ̀ yín lọ́wọ́. Tí ó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, wọn ò ní gbọ́ ẹjọ́ yín mọ́.